Bí Yíyára Ìkànnì Ṣe Ń Di Àṣà Nínú Ilé-Iṣẹ́

Kí Ojúde Ọba tó dé ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí, ti máa ń fẹnu kò lórí aṣọ tí wọn yóò jọ wọ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan wà nínú ìlú náà tó ń ta aṣọ òkè, fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀, tó sì ní ìkànnì tí àwọn oníbàárà ti ń yan ohun tí wọ́n fẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan fi líǹkì ojú-ìwé aṣọ ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì tẹ̀ ẹ́ láàárín wákàtí kan: àwọn kan wà ní Èkó, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn mìíràn wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Bí ojú-ìwé náà bá ṣe funfun báláú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, púpọ̀ nínú wọn yóò pa á dé, wọn yóò sì bi akọ̀wé bóyá kò sí ẹlòmíràn tó ń ta irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í dé etí ilé-iṣẹ́, nítorí pé oníbàárà tó bínú lọ kì í dúró sọ pé òun bínú.

Ìkànnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sábà máa ń yára. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹrù ń gùn ún. Ẹ̀ka ìpolówó ọjà fẹ́ mọ iye ènìyàn tó wọlé, wọ́n fi kóòdù kan sí i. Àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn fẹ́ àpótí ìbánisọ̀rọ̀, wọ́n fi kóòdù mìíràn kún un. Ọ̀gá fẹ́ kí fídíò àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba máa ṣí lójú-ìwé àkọ́kọ́, wọ́n gbé e síbẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó dìídì fẹ́ kí ìkànnì máa falẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù oníbàárà ló ń ru gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ mímú kí ìkànnì yára kò fi lè jẹ́ ti àwọn tó ń kọ kóòdù nìkan: wọ́n lè tún ìkànnì ṣe lónìí, kí ẹ̀ka mẹ́ta tí kò gbọ́ nípa àtúnṣe náà sì bà á jẹ́ kí oṣù tó parí.

Àwòrán ló ń fi èyí hàn jù. Fóònù òde òní lè ya àwòrán aṣọ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó mẹ́gábáìtì 4, tí fífẹ̀ rẹ̀ sì tó píksẹ́lì 4,000, ìyẹn àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, bẹ́ẹ̀ ojú fóònù tí wọn yóò fi wò ó kì í sábà nílò ju bí 800 lọ. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń gbé mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán kan ṣoṣo yẹn yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá 16 kó tó wọlé tán, nítorí pé bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Bí ogún irú rẹ̀ bá wà lójú-ìwé, mẹ́gábáìtì 80 dátà ni oníbàárà yóò ná kó tó rí gbogbo ọjà. Bí a bá dín àwòrán kan náà kù sí fífẹ̀ 800, tí a sì tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi WebP, irú fáìlì tí Google gbé jáde ní 2010, ó lè má ju kílóbáìtì 100 lọ, kò sì ní gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe ẹnjiníà rárá. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ya àwòrán aṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àṣà náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́: kí wọ́n jẹ́ kó rí ìyàtọ̀ àwòrán méjèèjì lórí fóònù kékeré, kí ìkànnì fúnra rẹ̀ má sì gba fáìlì tó bá ju ìwọ̀n lọ, nítorí pé ènìyàn a máa gbàgbé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀.

Láìsí òṣùwọ̀n, ẹnu lásán ni wọn yóò máa fi jà. Google yan òṣùwọ̀n mẹ́ta fún ìkànnì, tó pè ní Core Web Vitals, ní 2020. LCP ń wo ìgbà tí ohun tó tóbi jù lójú-ìwé yọ, kò sì yẹ kó ju ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 lọ. INP, tó rọ́pò òṣùwọ̀n àtijọ́ tó ń jẹ́ FID ní oṣù kẹta 2024, ń wo bí ojú-ìwé ṣe ń tètè dáhùn nígbà tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Mílísẹ́kọ́ńdì 200 ni ààlà rẹ̀. CLS ń wo bóyá nǹkan ń yẹ̀ nípò lójú oníbàárà, irú èyí tó ń mú kí ènìyàn tẹ ibi tí kò fẹ́ tẹ̀, máàkì 0.1 ni kò yẹ kó kọjá. Nínú ìbẹ̀wò 100, ó kéré tán 75 gbọ́dọ̀ wà láàárín ààlà wọ̀nyí, nítorí náà Wi-Fi ọ́fíìsì kò lè ṣe ẹ̀rí fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi Chrome, irinṣẹ́ Google tí a fi ń ṣí ìkànnì, wo ojú-ìwé ni àkọsílẹ̀ òṣùwọ̀n wọ̀nyí ti ń wá, ọjọ́ 28 tó kọjá ló sì ń kó pọ̀, tó fi jẹ́ pé àtúnṣe òní kò ní hàn tán níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò fi pé. Ó yẹ kí ọ̀gá mọ èyí ṣáájú, kó má baà rò pé owó òun ti wọgbó.

Lẹ́yìn òṣùwọ̀n ni àdéhùn. Ilé-iṣẹ́ náà lè fẹnu kò pé ojú-ìwé aṣọ kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́gábáìtì 1 lọ nígbà tó bá kọ́kọ́ ṣí, kí àwọn àwòrán ìsàlẹ̀ sì dúró títí oníbàárà yóò fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀ka tó bá fẹ́ fi nǹkan tuntun kún un ni yóò sọ ohun tí a máa yọ, yóò sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ọjọ́ tí yóò kúrò. Òfin yìí kì í dùn ní oṣù àkọ́kọ́, àmọ́ láìsí i, kóòdù ìpolówó tó ti parí yóò máa wà lórí ìkànnì lẹ́yìn tí ẹni tó fi í síbẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ọ̀gá bá pàṣẹ kí wọ́n gbé fídíò tirẹ̀ kọjá ààlà, òfin ti kú lọ́jọ́ náà. Ẹnjiníà tó bá sì wọ ìpàdé pẹ̀lú LCP àti INP nìkan, wọn yóò gbọ́ ọ, wọn kò ní rántí. Ohun tó ń wọ̀ wọ́n létí ni iye àwọn tó dé ibi ìsanwó nínú 100 tó ṣí ojú-ìwé, nígbà tó yára àti nígbà tó falẹ̀. Ohun kan tún wà tó ju ìròyìn lọ: lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí gbogbo wọn pa Wi-Fi, kí ọ̀gá gba fóònù tó rẹlẹ̀ jù nínú yàrá, kó ra fìlà kan lórí ìkànnì ara rẹ̀ títí dé ibi ìsanwó, kí àwọn yòókù dákẹ́, kí wọ́n máa wò ó.

Iléyá ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti ọdún tó kọjá, nítorí náà a kì í fi oṣù kan náà mú un lọ́dọọdún. Nítorí ọjọ́ 28 àkọsílẹ̀ yẹn, àtúnṣe ńlá gbọ́dọ̀ parí nígbà tó bá ku oṣù méjì kí ọdún Iléyá tó dé. Nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn kò ní gba àfikún kankan mọ́ àyàfi iye owó àti ọjà tuntun. Lẹ́yìn Ojúde Ọba, fídíò àti àmì ẹ̀dínwó ọdún ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára wọn yóò sì buwọ́ lù ú pé wọ́n ti kúrò, kí ìpolówó mìíràn tó wọlé.