Ọjọ́ Tó Sọnù Nínú Kàlẹ́ńdà Híńdù

Ẹni tó bá ṣí panchang, ìwé tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fi ń ka ọjọ́, lè rí i pé ọjọ́ keje ló tẹ̀ lé ìkarùn-ún. Ẹ̀kẹfà ti pòórá. Èèyàn lè rò pé ọjọ́ burúkú ni wọ́n fò. Irọ́ ni. Ìṣirò ló gbé e mì.

Ohun márùn-ún ni panchang ń tọ́ka sí, àmọ́ tithi, ìyẹn ọjọ́ òṣùpá, ló dùn mọ́ni jù. Oòrùn àti òṣùpá dà bí ẹni méjì tó ń sáré yípo pápá kan. Òṣùpá ló yára jù. Gbogbo ìgbà tó bá fi dígírì 12 já oòrùn sílẹ̀, tithi kan ti pé. 30 ló sì wà nínú oṣù òṣùpá kan. Ṣùgbọ́n eré òṣùpá kì í dọ́gba: tó bá súnmọ́ ayé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá, tó bá jìnnà, á máa wọ́ ọ. Ìdí nìyí tí tithi kan fi lè tán ní nǹkan bíi wákàtí 20, kí òmíràn gba 26.

Báwo ni ojúmọ́ ṣe wá ń gba nọ́ńbà? Bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń pè é, nígbà tí oòrùn bá yọ. Tithi tó bá jẹ́ ìpè yẹn ló ni ojúmọ́. Èyí tó bá wọlé lẹ́yìn ìpè, tó sì jáde kí ti ọjọ́ kejì tó dé, wá sí iléèwé lóòótọ́, àmọ́ rẹ́jísítà ò mọ̀ ọ́n. Kshaya, tithi tó sọnù, nìyẹn. Èyí tó bá sì pẹ́ débi pé ó jẹ́ ìpè lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ méjì ni yóò máa jẹ́ nọ́ńbà rẹ̀. Nǹkan bíi tithi 371 ló ń bọ́ sínú ọjọ́ 365. Àwọn kan ò ní ṣàì sọnù.

Oòrùn yìí náà ló ń darí Rahu Kalam, àkókò tí wọn kì í fẹ́ dáwọ́ lé nǹkan tuntun. Wọ́n á pín ìgbà tí oòrùn yọ sí ìgbà tó wọ̀ sí mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Ajé, ìpín kejì ni. Àwọn kan ti há a sórí pé aago 7:30 sí 9:00 ni níbi gbogbo. Ní London nínú oṣù Kẹfà, tí ojú ọjọ́ ń mọ́lẹ̀ ju wákàtí 16 lọ, ìpín kan á lé ní wákàtí méjì!

Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn Híńdù, ò tẹ̀ lé ìpè àárọ̀ ní tirẹ̀, torí alẹ́ ni wọ́n ń bọ Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀: alẹ́ tí tithi àìsí òṣùpá bá bọ́ sí ni wọ́n ń wá. Lọ́dún 2024, tithi náà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ní Íńdíà, ó sì jáde lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ó kan ìrọ̀lẹ́ méjèèjì.  Àwọn kan tan fìtílà ní Ọjọ́bọ̀, àwọn yòókù tan tiwọn lọ́jọ́ Ẹtì.