Ìwọ̀ àpilẹ̀kọ: bí a ṣe ń rí i nínú ìwé ìtàn ọ̀dọ́

Ẹni tó bá ti fi ìwọ̀ pẹja rí mọ̀ pé nǹkan méjì ló wà níbẹ̀: ìjẹ tí ẹja rí, àti irin tó há a lẹ́nu. Àwọn oníròyìn yá orúkọ ìwọ̀ lò fún ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ, èyí tó ń mú kí ẹni tó fẹ́ wò ó kọjá dúró kà á. Àmọ́ ìjẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ìwọ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ràn ìwé tó dùn?" Ìjẹ lásán nìyẹn. Ojú òǹkàwé lè yà síbẹ̀, kò ní pẹ́ yà kúrò, nítorí kò sí ohun tó dè é mọ́ ìpínrọ̀ kejì.

Ìwọ̀ gidi máa ń fi ìbéèrè kan sọ́kàn ẹni, yálà a kọ ìbéèrè náà síta tàbí a kò kọ ọ́, àpilẹ̀kọ tó kù ló sì máa dáhùn rẹ̀.

Ìwé ìtàn àròsọ ọ̀dọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n dìídì kọ fún àwọn ọmọ nǹkan bí ọdún 12 sí 18, ní ìṣòro tirẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀. Bí a bá ní ká sọ ìtàn wọn ní ṣókí, púpọ̀ wọn á jọra: ọmọ ọdún 16 kan, àṣírí kan nínú ẹbí, ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀, ìfẹ́ àkọ́kọ́. Òǹkàwé á rò pé òun ti ka ìwé náà rí. Èyí tó tún máa ń dùn mí ni kí àgbàlagbà fi "ìwé yìí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ rere" bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ wo ló máa kà á kọjá ibẹ̀?

Ẹ wo The Outsiders tí S. E. Hinton kọ, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1967. "Ẹgbẹ́ ọmọkùnrin méjì ń bá ara wọn jà": òótọ́ ni, kò sì mú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 ni Hinton nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tó jáde. Ọmọbìnrin ni, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 ló ń sọ ìtàn náà. Àwọn tó tẹ ìwé náà ní kó fi lẹ́tà méjì, S. E., dípò orúkọ rẹ̀, kí àwọn lámèyítọ́ ọkùnrin má baà fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀ méjì nìyẹn. Bí mo bá mú ti lẹ́tà, ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ni àpilẹ̀kọ mi máa gbà lọ. Ti ọjọ́ orí ni èmi máa mú, nítorí inú ìwé ló ń dá mi padà sí: ibo gan-an la ti ń gbọ́ ohùn ọmọ ilé ìwé, tí àgbàlagbà kò lè sín jẹ?

Ọ̀pọ̀ ìwé ni kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ pa ìwé náà dé, kí ẹ sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kan. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín sábà máa ń dára ju èyí tí ẹ jókòó ronú kàn. Tàbí kí ẹ padà síbi tí inú ti bí yín sí ẹ̀dá ìtàn tí ẹ fẹ́ràn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìbẹ̀rẹ̀ yín ka orí ìwé ọ̀dọ́ mìíràn. Bó bá bá a mu, ẹ wá òmíràn. Àwọn kan máa ń fi òpin ìtàn ṣe ìwọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tí ẹ ń pè wá kàwé lẹ gba adùn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà míì, ìwọ̀ ti wà nínú ohun tí ẹ kọ, ó kàn fara pamọ́ sí ìpínrọ̀ kẹrin ni. Ẹ gé mẹ́ta tó wà lókè rẹ̀ dànù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.