Bí WordPress Ṣe Ń Dá Irú Àkóónú Tuntun Mọ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, kalẹ̀ yóò bá irú àkóónú méjì, post àti page, níbẹ̀. Méjèèjì tó fún ìròyìn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìkànnì ilé ìkàwé ni, tí ìwé kọ̀ọ̀kan ní òǹkọ̀wé, ẹ̀ka àti iye ojú ewé tirẹ̀, bí wọ́n bá dà wọ́n mọ́ ìròyìn, ṣe ni gbogbo rẹ̀ á lọ́ mọ́ra.

Ìlà kóòdù díẹ̀ ló ń tú u. Wọ́n á pe iṣẹ́ kóòdù tó ń jẹ́ register_post_type nígbà tí init, ìyẹn ìgbà tí WordPress ń gbéra, bá ń lọ, wọ́n á sì fún irú tuntun náà lórúkọ, ká ní "iwe". Orúkọ yìí kò gbọdọ̀ ju àmì 20 lọ. Bí wọn kò bá fi show_in_rest sí true, olóòtú àtijọ́ ló máa ṣí, kì í ṣe ti block, èyí tí wọ́n fi ń to àkóónú ní ègé-ègé.

Kò sí àtẹ tuntun kankan tó ń wọ dátábéèsì o. Ìwé, ìròyìn, àní àwòrán pàápàá, inú àtẹ wp_posts ni àkọsílẹ̀ gbogbo wọn wà; ohun tó wà nínú òpó post_type ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ìkànnì náà ni kóòdù yẹn ń kéde irú tuntun náà lákọ̀tun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí wọ́n bá kọ kóòdù náà sínú theme, ìyẹn ohun tó ń fún ìkànnì ní ìrísí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ theme, àwọn ìwé á pòórá lójú dashboard, ibi tí wọ́n ti ń ṣàkóso ìkànnì. Wọn ò sọnù, kò kàn sí ẹni tó kéde wọn mọ́ ni. Inú plugin, àfikún tí kì í bá theme lọ, ló yẹ kó wà.

Register_taxonomy ló ń dá ìsọ̀rí sílẹ̀. Tí hierarchical bá jẹ́ true, ìsọ̀rí lè bí ọmọ: "ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́" lábẹ́ "ìtàn àròsọ". Tó bá jẹ́ false, ó dà bíi tag lásán, àmì tí kì í bí ọmọ. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kó di ìsọ̀rí ṣá. Òǹkàwé lè fẹ́ rí gbogbo ìwé òǹkọ̀wé kan lójú kan, nítorí náà òǹkọ̀wé yẹ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń wá gbogbo ìwé olójú ewé 212? Custom field, àyè ìsọfúnni tó wà lára ìwé kọ̀ọ̀kan, ni ìyẹn.

Bí ojú ewé ìwé tuntun bá wá ń mú 404, àṣìṣe pé a kò rí ojú ewé, jáde, àdírẹ́sì ni WordPress kò tíì tún kà. Kí wọ́n lọ sí Permalinks nínú Settings, kí wọ́n tẹ Save, ó tán. Àwọn kan máa ń ki flush_rewrite_rules, tó ń tún òfin àdírẹ́sì kọ, bọ inú init. Iṣẹ́ tó wúwo ni ìyẹn ń dì lé sáfà lórí nígbà gbogbo. Ìgbà tí plugin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn nìkan ló yẹ kó ṣiṣẹ́.