Àwìn ò ní àpótí

Ẹni tó bá ti jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òwò rí á ti mọ Business Model Canvas, èyí tí wọ́n fi ń to bí òwò kan ṣe ń ṣiṣẹ́: bébà kan, àpótí mẹ́sàn-án, oníbàárà lápá ọ̀tún, ìnáwó nísàlẹ̀. Kò sí ìdí láti tún un rò. Ohun tó ń bíni nínú ni pé, tí wọ́n bá ní kí ẹnì kan fi ṣe sọ́fítíwíà, á ya àpótí mẹ́sàn-án sójú kọ̀ǹpútà, á ní iṣẹ́ ti parí. Àwòrán lásán nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ò tíì mọ̀ pé owó tó ń wọlé gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹnì kan wá.

Alexander Osterwalder tó dá Canvas náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nínú iṣẹ́ oyè dókítà tó ṣe ní Lausanne lọ́dún 2004, bí nǹkan ṣe so kọ́ra ló kọ́kọ́ tò: ta ni oníbàárà, kí la ń tà fún un, ọ̀nà wo ni ọjà ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bébà alápòótí tó dé. Òfin ìsokọ́ra yìí gan-an ni wọ́n ń kọ sínú irinṣẹ́ oníkóòdù bíi Eclipse Modeling Framework. Ẹ̀rọ á kà á, á sì fúnra rẹ̀ kọ kóòdù lédè kọ̀ǹpútà Java tó ń tọ́jú nǹkan, tó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ mú elépo kan lọ́jà Odò-Ògbè n'Ífẹ̀, tó ń tà fún àwọn olóúnjẹ tó ń dáná fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwìn ló pọ̀ jù nínú ọjà rẹ̀. Ó dìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé padà kí wọ́n tó san. Àpótí wo ni àwìn wà? Lórí bébà, wọ́n á lẹ ìwé pélébé kan mọ́ "owó tó ń wọlé", ó tán. Nínú òfin, àríyànjiyàn gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: ṣé irú owó kan ni àwìn ni, àbí irú àjọṣe kan? Bí wọ́n bá fẹnu kò pé gbogbo owó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsanwó, ìlà kan ni wọ́n máa fi kún un. Ẹ̀rọ á tún kóòdù kọ, àyè ọjọ́ á sì yọ nínú fọ́ọ̀mù. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé oníkóòdù àti oníṣòwò ń bára wọn fà á lórí òwò, kì í ṣe lórí àwọ̀ bọ́tìnì.

Ó níbi tó ti ń ta kókó ṣá. Téèyàn bá fọwọ́ tún kóòdù tí ẹ̀rọ kọ ṣe, tí àmì @generated tí ẹ̀rọ fi sí i sì ṣì wà lórí rẹ̀, àtúnkọ tó bá tẹ̀ lé e á gbá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dànù. NOT kékeré tí wọ́n ń kọ tẹ̀ lé àmì náà ló ń gbà á sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti fáìlì àtijọ́. Àkọsílẹ̀ tí elépo ti ṣe kí ọjọ́ ìsanwó tó di dandan á di aláìpé lójú òfin tuntun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ò lè bá a mọ ọjọ́ tí onígbèsè kọ̀ọ̀kan máa san. Ó di kí ẹnì kan jókòó ti màmá náà, kí wọ́n máa bi í lọ́kọ̀ọ̀kan.