Kí Ló Dé Tí Ìtàn Ètekéte Fi Máa Ń Tẹ̀lé Àjàkálẹ̀ Àrùn?

Ìbéèrè: Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn alágbára kan ló gbìmọ̀ pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láti dá a sílẹ̀. Ṣé íntánẹ́ẹ̀tì ló bí irú èrò báyìí?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìtàn ètekéte, ìyẹn èrò pé àwọn kan ló gbìmọ̀ ìkà ní ìkọ̀kọ̀, ti wà kí iná mànàmáná tó dé ayé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ń run àwọn ará Yúróòpù ní 1348, àhesọ kan tàn kálẹ̀ pé àwọn Júù ló ń da májèlé sínú kànga. Póòpù Clement Kẹfà kọ ìwé àṣẹ lọ́dún náà gan-an, ó ní àrùn náà ń pa àwọn Júù fúnra wọn, ó sì ń jà níbi tí Júù kankan kò gbé. Àlàyé yìí bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò ran ohunkóhun: ní oṣù Kejì 1349, wọ́n dáná sun ọgọ́rọ̀ọ̀rún Júù ní Strasbourg, bẹ́ẹ̀ àrùn náà kò tíì wọ ìlú ọ̀hún rárá. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní Liverpool ní 1832, àwọn dókítà ló kàn. Àwọn ará ìlú ní ṣe ni àwọn dókítà ń pa aláìsàn kí wọ́n lè rí òkú gé fún ẹ̀kọ́, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ ní ìgboro. Ìyára ni íntánẹ́ẹ̀tì fi kún ọ̀rọ̀ náà.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn tí kò kàwé nìkan ló ń gbà á gbọ́ ni?

Ìdáhùn: Ìwé kíkà máa ń dín in kù díẹ̀, kì í sì í ṣe ààbò pípé. Kary Mullis, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993 fún PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ ẹ̀yà DNA kékeré di púpọ̀, èyí tí gbogbo ayé padà fi ṣàyẹ̀wò Kòrónà. Ọkùnrin kan náà yìí jiyàn pé kòkòrò HIV kọ́ ló ń fa àrùn éèdì. Ẹni tí ó gbọ́n a tún máa rí àwíjàre tó pọ̀ fún ohun tí ọkàn rẹ̀ ti gbà.

Ìbéèrè: Kí wá ni ó ń fà á?

Ìdáhùn: Ìbẹ̀rù àti àìrí-nǹkan-ṣe ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Nígbà tí àrùn bá ń pa ènìyàn, tí wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́ pa, tí àwọn dókítà pàápàá ń sọ pé àwọn ṣì ń wádìí, ọkàn ẹ̀dá kò lè fara mọ́ òfo yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ó kéré tán a mọ ẹni tí a ó bínú sí. Ní 2008, àwọn olùwádìí méjì, Jennifer Whitson àti Adam Galinsky, mú kí àwọn kan nímọ̀lára pé nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbé àwòrán kalẹ̀ níwájú wọn, tí àwọn kan nínú rẹ̀ jẹ́ kìkì àmì wúruwùru. Àwọn tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ wọn yìí sọ pé àwọn rí nǹkan níbi tí kò sí nǹkan, ju àwọn yòókù lọ. (Kí n má bu iyọ̀ sí i: àwọn tí wọ́n tún irú ìwádìí yìí ṣe lẹ́yìn náà kò rí i kí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀.)

Ìkejì ni bí a ṣe ń so ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn pọ̀. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí ọ̀rọ̀ 5G, ìran karùn-ún ìmọ̀ ẹ̀rọ fóònù alágbèéká, ṣe rí gan-an nìyí: àwọn kan ní òun ló fa Kòrónà. Ilẹ̀ Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlò 5G fún ará ìlú ní oṣù Kọkànlá 2019. Ní oṣù Kejìlá, àrùn fara hàn ní Wuhan. Àwọn tó so méjèèjì pọ̀ kò bèèrè ìdí tí Gúúsù Kòréà, tí ó ti ń lo 5G láti oṣù Kẹrin ọdún náà, kò fi ní àrùn náà nígbà náà. Ní oṣù Kẹrin 2020, wọ́n ń dáná sun òpó ìbánisọ̀rọ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni òpó tí Nightingale, ilé ìwòsàn onígbà díẹ̀ fún aláìsàn Kòrónà ní Birmingham, ń lò, ní àkókò tí fóònù nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹbí fi lè gbóhùn aláìsàn wọn.

Ó tún kù kan: ohun ńlá ni a fẹ́ kí ó fa ohun ńlá. Pé kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó pa ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn dà bí ìdáhùn tó kéré jù lójú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ tí ẹnì kan náà sọ pé àrùn náà kò sí, ó sì tún sọ pé ilé ìwádìí ni wọ́n ti ṣe é láti fi pa ènìyàn. Báwo ni ìyẹn ṣe ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Kò ṣọ̀wọ́n rárá. Ní 2020, àwọn olùwádìí méjì, Roland Imhoff àti Pia Lamberty, rí i pé àwọn tó fara mọ́ èrò kìíní sábà máa ń fara mọ́ ìkejì pẹ̀lú. Ohun tí ẹni náà gbà gbọ́ gan-an ni pé wọ́n ń tàn wá jẹ. Irú irọ́ tí wọ́n ń pa kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ lógún. Ṣùgbọ́n ìwà tí èrò méjèèjì ń bí yàtọ̀: ẹni tó sọ pé àrùn kò sí kì í pa òfin ìmọ́tótó àti ìjìnnà-síra-ẹni mọ́, ẹni tó sọ pé ilé ìwádìí ni wọ́n ti ṣe é ni a sábà máa ń rí nídìí kíkó ẹrù pamọ́.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba ti gbìmọ̀ ìkà rí, àbí?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá sẹ́ èyí kò ní rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. Láti 1932 títí dé 1972, àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń wo 399 ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ní ìlú Tuskegee tí wọ́n ní syphilis, ìyẹn àrùn ìbálòpọ̀ kan, wọn kò sọ òótọ́ fún wọn, wọn kò sì tọ́jú wọn, kódà lẹ́yìn tí oògùn pẹnisílínì ti wà. Ní 2011, CIA, àjọ òtẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, fi ètò abẹ́rẹ́ àjẹsára bojú ní Abbottabad, ìlú kan ní Pakistan, nígbà tí wọ́n ń wá Osama bin Laden. Irú ìtàn báyìí máa ń mú kí àwọn tí a ti tàn jẹ rí fura sí abẹ́rẹ́ tuntun, ìfura bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe wèrè.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni bí a ṣe ń lo ẹ̀rí. Peter Buxtun, òṣìṣẹ́ àjọ náà, ló tú àṣírí Tuskegee fún oníròyìn, ìwé àkọsílẹ̀ sì wà tí a lè yẹ̀ wò. Nínú ìtàn ètekéte, bí ẹ̀rí kò bá sí, wọ́n á ní wọ́n fi pamọ́ ni. Bí ẹ̀rí bá ta kò ó, wọ́n á ní ayédèrú ni.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè bá ẹbí mi tó gbà á gbọ́ sọ̀rọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe é láàárín èrò, ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi í pé: “Kí ni ẹ máa rí tí ẹ ó fi gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀?” Lẹ́yìn náà, ẹ dáhùn ohun tí òun gan-an gbé kalẹ̀ bí ẹ̀rí, kì í ṣe ohun tí ẹ rò pé gbogbo wọn ń sọ. Nínú ìwádìí kan tí Thomas Costello àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2024, àwọn tó lé ní 2,000 bá ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) kan fọ̀rọ̀ wérọ̀, ẹ̀rọ náà sì ń fi sùúrù dáhùn ẹ̀rí oníkálukú. Ìgbàgbọ́ wọn fi nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ó sì ṣì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, ṣùgbọ́n nǹkan bí ẹnì kan péré nínú mẹ́rin ni kò dá a lójú mọ́.