Rọ́bà Inú Táǹkì WC

Ojú ni ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin fi ń ra WC. Ó dán, àwọ̀ rẹ̀ bá táìsì mu, wọ́n ti sanwó. Ìgbà tí a bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ la tó ń rí i pé ihò páìpù ilẹ̀ kò bọ́ sí ibi tí ìdí WC wà. Ẹ mú tépù, ẹ wọ̀n ọ́n láti ara ògiri tí táìsì ti wà lára rẹ̀ dé àárín ihò, kí ẹ tó jáde nílé.

Ní ti omi, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìdílé ẹni 6 tí oníkálukú ń wọlé lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ìgbà 30 ni wọn yóò ṣan WC. Táǹkì àtijọ́ tó ń da lítà 13 lẹ́ẹ̀kan yóò gbé lítà 390 lọ, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Oníbọ́tìnì méjì tó ń da lítà 6 fún ìgbẹ́ àti lítà 3 fún ìtọ̀ ńkọ́? Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá tẹ ti ńlá lẹ́ẹ̀kan, ti kékeré lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lítà 108 ni gbogbo rẹ̀. Òun ni kí ẹ rà, kí ọ̀fun rẹ̀ sì gbòòrò, irú èyí tí omi ń ti ẹ̀gbin jáde tààrà. Ọ̀fun tóóró tó lọ́ bí ìfun, dídí ni yóò máa dí.

Ṣùgbọ́n asán ni gbogbo ìṣírò yìí bí rọ́bà ìdí táǹkì bá ń jò. Rọ́bà pẹlẹbẹ yẹn ló ń dí ihò tí omi ń gbà bọ́ sínú àwo, ìjò rẹ̀ kì í sì í pariwo. Bí ó bá ń jo mìlílítà 100 péré ní ìṣẹ́jú kan, lítà 144 ló lọ lójúmọ́ yẹn. Ó ju lítà 108 tí ẹni 6 fi ṣan WC oníbọ́tìnì méjì lọ. Ẹ da ife sóbò kan tó ki sínú táǹkì, ẹ má ṣan án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi inú àwo bá pọ́n, rọ́bà ti bàjẹ́.

Gbígbẹ ló ń bà á jẹ́ jù. Bí omi ẹ̀rọ bá ti lọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹ ń fi ṣan àwo, ẹ ó sì fi táǹkì sílẹ̀ lófìfo fún oṣù mélòó kan. Rọ́bà á gbẹ, á le, á ká. Ọjọ́ tí omi bá dé, kò ní lè dí ihò mọ́. Inú táǹkì gan-an ni kí ẹ máa pọn omi sí. Bílíìṣì tí ẹ ń dà sínú táǹkì náà ń jẹ ẹ́. Àwo ni kí ẹ fi í fọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà yọ rọ́bà náà síta, kí ó fi irú rẹ̀ tó ń tà lọ́tọ̀ hàn yín. Bí kò bá ní, ẹ fi WC náà sílẹ̀ fún un, bó ti wù kó dán tó.

Àwọn ayédèrú púlọ́mbà ń bí mi nínú. Wọ́n á po sìmẹ́ǹtì yí ìdí WC ká, pé kó má baà mì. Ọjọ́ tó bá dí, òòlù la ó fi fọ́ ọ. Ṣìkúrù àti sílíkóònù ló yẹ ibẹ̀. Àwọn náà ló ń ní kí ẹ gbé bíríkì sínú táǹkì kí omi lè dínkù. Bíríkì á máa yọ́ di iyanrìn, iyanrìn á há sábẹ́ rọ́bà. Ike omi lítà 1 tí ẹ dé pa ni kí ẹ fi sínú táǹkì àtijọ́, kó má kan fúlótì, ohun tó ń léfòó tó ń dá omi dúró bí táǹkì bá kún. Kẹrosíìnì tí wọ́n ní kí ẹ máa dà sí sókáwè sì ń pa àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-tín tó ń jẹ ẹ̀gbin. Bí wọ́n bá kú, sókáwè á tètè kún, WC tó dára jù lọ ní Kwárà á sì máa dá omi padà sókè.