Omi tí ọyẹ́ kì í gbẹ, àti omi tí ọyẹ́ ń gbẹ

Iṣẹ́ méjì ni dáàmù ń ṣe fún iná mànàmáná: ó ń gbé omi sókè, ó sì ń fi í pamọ́. Láti inú adágún, omi á wọ páìpù gbàǹgbà kan tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ wálẹ̀, á sáré lọ gbá tọ́báìnì, ẹ̀rọ alábẹ̀bẹ̀ tí omi ń yí, tọ́báìnì á yí jẹnẹrétọ̀, omi á sì gba ẹ̀yìn padà sínú odò. Omi ò dín. Gíga rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gíga yẹn náà ní ìwọ̀n. Bí kúbíkì mítà omi kan bá ń já láti mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, agbára rẹ̀ kò tó kílówáàtì 10. Áyọ́ọ̀nù mẹ́wàá lè má ráyè gbóná níbẹ̀, ká tó wá sọ ti èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń fi ṣòfò.

Ibi ìpamọ́ omi ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ láàárín Kainji, dáàmù iná mànàmáná tó wà lórí odò Ọya (Niger), àti dáàmù Kampe ní ilẹ̀ Yàgbà, ìpínlẹ̀ Kogi. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni omi ń kún wá sí Kainji. Àkọ́kọ́ ni omi funfun, ẹlẹ́rẹ̀ tó ń tẹ̀lé òjò ìhà Sókótó. Ìkejì ni omi dúdú, òjò òkè Guinea tó ti rìn la Mali kọjá fún oṣù mélòó kan, tó ti da ẹrẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà. Inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni èyí ń dé! Tó bá sì jáde ní Kainji, ó tún ń ṣiṣẹ́ ní dáàmù Jẹ́bà kó tó gba ẹ̀gbẹ́ Ọ̀wọ́rọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja.

Kampe ò ní irú àlejò bẹ́ẹ̀. Òjò àdúgbò ló ń mu. Tí ọyẹ́ bá dé, odò á rù. Ọ̀gbìn ni wọ́n sì torí rẹ̀ dí i. Lóòótọ́, omi tó yí tọ́báìnì ṣì lè lọ rin oko ìrẹsì, àmọ́ àárọ̀ ni àgbẹ̀ fẹ́ ẹ, aago méje alẹ́ ni ará ilé fẹ́ iná.

Iyanrìn ló ń sọ dáàmù di arúgbó. Omi tó bá dúró á jẹ́ kí ẹrẹ̀ tó gbé wá rọ̀ sílẹ̀, àyè omi á sì máa dín. Ní odò Elwha, Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti wó dáàmù méjì láàárín 2011 sí 2014 kí ẹja sámọ́ọ̀nù lè rọ́nà gòkè padà, ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn wọn ju mílíọ̀nù 20 kúbíkì mítà lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé ògiri náà, kí ẹrẹ̀ má baà ya lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Yàgbà, kíkó ẹrẹ̀ àti dídá igbó etí odò sí ló kàn, kì í ṣe wíwó.

Òfin iná mànàmáná Nàìjíríà ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò ọjà iná tirẹ̀. Bí wọ́n bá máa fi Kampe ṣe iná, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ló yẹ kó bá a rìn: lọ́sàn-án, kí wọ́n ti omi pa, kí oòrùn máa ṣiṣẹ́, tílẹ̀ bá ṣú, kí wọ́n ṣí i.